Ìrìn-àjò Àpọ́n Gbóyèga dé Lómè, àti Ẹni Tó Sìn Wá Wálé

Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Fẹ́mi Fótò, àwòrán òkè òkun dà?" Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ya fótò ní ṣọ́ọ̀bù mi pàápàá, mo máa ń rí i bí ojú yín ṣe ń rìn lára ògiri, bóyá ẹ ó bá òkun pàdé níbẹ̀. Kò sí òkun lára ògiri. Ṣọ́jà kan ló fa fíìmù mi yọ nínú kámẹ́rà ní ọ̀sán gangan. Ó nà án sókè sínú oòrùn, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìfun adìẹ, gbogbo ohun tí mo rò pé mo ti kó sínú àpótí kékeré yẹn sì ṣòfò lójú mi. Ẹnu ló kù. Ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ náà ní àbọ̀ lẹ́bàá títì, kí ẹnì kan wá pè mí kí n tó parí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Lọ́ńdọ̀nù di Lómè

Àwa mẹ́ta la jọ dàgbà. Gbóyèga ni olùkọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, oníwà pẹ̀lẹ́ tí inú kì í bí àfi tí ènìyàn bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ níwájú rẹ̀. Ràṣídì jẹ́ ọmọ agboolé Mùsùlùmí kan nínú Ẹdẹ àtijọ́. Obì ló ń kó lọ sí Kánò, ó sì gbọ́ Haúsá bí ẹni tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Èmi ni ẹ ti mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó Gbóyèga àti Fúnmiláyọ̀, ọmọ ìlú Awo, sí ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde, Ràṣídì ní kò ní ṣojú òun kí Gbóyèga di ọkọ ìyàwó láì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òkèèrè.

"Tó o bá ti gbéyàwó, ó ti parí," ló wí. "Ìbàdàn lásán lo fẹ́ lọ, wọ́n á ní kí o ra mílíìkì bọ̀."

Gbóyèga ní, "Mílíìkì wo? Ta ló tún rí mílíìkì?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ẹ̀yin náà rántí bí nǹkan ṣe rí. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni. À ń tò nítorí ṣúgà, à ń tò nítorí ọṣẹ, ẹni tó bá sì yà kúrò lórí ìlà, kòbókò ń dúró dè é. Tíṣà ń kọ́ ọmọ, kò mọ ìgbà tí owó oṣù máa jáde.

Láti kékeré la ti ń sọ pé Lọ́ńdọ̀nù la máa jọ lọ. Ràṣídì lọ bèèrè owó ọkọ̀ òfuurufú ní Ìbàdàn. Nígbà tó dé, kò sọ iye rẹ̀ fún wa. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. A wò ó, a mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ti lọ.

"Lómè ń kọ́?" ni mo bi wọ́n.

Gbóyèga ní, "Ṣé òkè òkun ni Lómè?"

Ràṣídì ní, "Òkun wà níbẹ̀ àbí kò sí? Àwa á sì dúró sí òkè rẹ̀. Òkè òkun wo ni ẹ tún ń wá?"

Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn. A gbà pé a ó gbé gaàrí àti kúlíkúlí láti ilé. Èmi á máa ya fótò fún àwọn èrò lójú ọ̀nà, kí ohun tí wọ́n bá fún mi lè bọ́ wa. Ní ti ibùsùn, Gbóyèga á máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ràṣídì á máa wọ mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dá wa lóhùn la ó tẹ́ ẹní sí.

A lọ gba àyè lọ́wọ́ Fúnmi. Ó ń ran aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ mú un lọ," ló wí, "ṣùgbọ́n kí ẹ mú un bọ̀ kí ọjọ́ tó pé o. Ẹnikẹ́ni ò ní bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀."

Erùpẹ̀ kan náà

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dà yín láàmú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a dé Ìdírókò, aṣọ́bodè wo ojú wa, ó wo àpò gaàrí wa, ó mi orí, ó ní ká máa lọ.

Mo ń retí kí nǹkan yí padà. Mo rò pé ilẹ̀ á pa àwọ̀ dà, pé atẹ́gùn á máa rùn bí ìlú òyìnbó. Erùpẹ̀ pupa kan náà ni. Igi ọ̀pẹ kan náà. Gbóyèga ti ń ka Faransé díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé kan láti Abẹ́òkúta, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń gbàdúrà. Obìnrin àkọ́kọ́ tí a pàdé ní òdìkejì wò wá, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé dáadáa lẹ dé?" Gbóyèga pa ìwé rẹ̀ dé. Mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́.

Àjàṣẹ́ la sùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a wọ ìlú, Gbóyèga nawọ́ sí ilé ńlá kan tó ní ilé-ìṣọ́ méjì níwájú, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ oríṣiríṣi kùn, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà lóríṣiríṣi lára ògiri. "Ṣọ́ọ̀ṣì rèé," ló wí, ó sì ti ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀ kó lè lọ kí pásítọ̀. Ràṣídì ní irọ́ ni, òun rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mọ́ṣáláṣí ni. Wọ́n ń jiyàn lọ bẹ́ẹ̀ títí bàbá arúgbó kan tó ń ṣe àlùwàlá fi gbọ́ wọn.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà sí i. Àwọn àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ ló kọ́ ọ. Ilé Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́ síbí. Àwa ń kírun nínú rẹ̀."

Bàbá náà mú wa lọ sílé rẹ̀, ó sì fún wa ní iyàrá kan. Láti ojú fèrèsé ni Gbóyèga ti ń wo ilé-ìṣọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fẹ́mi, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ, wọ́n padà wálé, wọ́n tún mọ ilé kọ́."

Ìlú orí omi

Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò Ọ̀ṣun, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn ná. Ọ̀sà tí a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀ lẹ́yìn Àjàṣẹ́ fẹ̀ débi pé a kò rí etí rẹ̀ kejì. Àárín rẹ̀ gan-an ni ìlú wà, Gánfìé lorúkọ rẹ̀. Ilé dúró lórí òpó igi nínú omi, ọgọ́ọ̀rọ̀ ilé, pẹ̀lú òrùlé koríko. Ìlú gidi ni, kì í ṣe abúlé apẹja. Mo rí ewúrẹ́ tó dúró lórí erùpẹ̀ kékeré tí wọ́n kó jọ fún un, tó ń jẹ ewé, tó ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣìnà. Mo rí àkùkọ tó ń kọ lórí pákó. Ọjà náà wà lórí omi. Obìnrin kan á tukọ̀ dé pẹ̀lú tòmátò, èkejì á tukọ̀ dé pẹ̀lú búrẹ́dì, wọ́n á na ọwọ́ sí ara wọn, wọ́n á ná ọjà, wọ́n á tún fi àjẹ̀ tì kúrò. Omi kò ta sí ẹnikẹ́ni lára. Ràṣídì di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀.

Ìyá tó ń tu ọkọ̀ wa máa ń ná ọjà Àjàṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá. Gbóyèga bi í pé kí ló gbé wọn dé orí omi.

"Àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ló lé àwọn bàbá wa," ló wí. "Ẹ̀sìn àwọn tó ń lé wọn kò gbà kí wọ́n wọ omi. Àwọn bàbá wa sì wọ omi. Wọ́n ní títí ewu á fi kọjá ni."

"Ewu náà ti kọjá báyìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ibí ti di ilé."

Gbóyèga tún bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbéyàwó níbẹ̀. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Mo rò pé ó fura sí i.

"Ọkọ ìyàwó á kọ́kọ́ ri òpó mọ́ inú omi, á kọ́ ilé lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìyàwó sínú ọkọ̀ wá bá a. Ẹni tí kò lè dá ilé dúró sórí omi, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ṣe?"

Wọ́n din ẹja tí a jẹ níwájú wa, ó ṣì ń ta pàtàpàtà nínú epo, wọ́n fi ata tútù àti ẹ̀kọ tì í. Àkàsà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ wa náà ni, àfi pé wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo wo ojú omi tó ń dán, mo rò ó pé bí mo bá kú lọ́la, ojú mi ti rí nǹkan.

Mílíìkì láì tò

Òkun ló kọ́kọ́ kí wa ní Lómè. Ọ̀nà ọkọ̀ ń bá etí rẹ̀ lọ ni, débi pé bí a ṣe ń wọ ìlú ni ìgbì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń wó lulẹ̀, tó tún ń dìde. Ràṣídì tó ti la gbogbo Òkè Ọya kọjá pẹ̀lú ẹrù obì, tí kò sí ohun tí ń bà á lẹ́rù, dá mọ́tò dúró. Ó rìn lọ síbi omi náà, ó wọ̀ ọ́ tòun ti ṣòkòtò, ó bù ú sẹ́nu, ó tu ú dànù. Ó wá dúró. Ó ní, "Allahu Akbar," pẹ̀lú ohùn kékeré. Mo ya fótò ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo fótò tó ṣòfò, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní Lómè, àwọn ìyá tó tó ìyá wa lọ́jọ́ orí ń gun alùpùpù. Wọ́n wọ ìró àti bùbá, gèlè kò sì yẹ̀ lórí wọn, wọ́n ń sáré kọjá bí ọmọ ogun. Búrẹ́dì wọn gùn bí apá àgbàlagbà, ó ń ró kẹ́kẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà wá lẹ́nu jù. A wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan. Wọ́n to mílíìkì alágolo jọ láti ilẹ̀ kan àjà. Ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ṣọ́jà. Kò sí ariwo.

Gbóyèga bi ìyá náà, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ìlà wà?"

Ọmọ Yorùbá ni ìyá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lómè ni wọ́n bí i sí. Anàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ìlà kí ni?"

Àwa ọkùnrin mẹ́ta dúró síwájú mílíìkì, omi ń bọ̀ lójú wa. Ìyá náà wò wá, ó mú agolo kan, ó dá a lu, ó dà á sínú ife fún wa pẹ̀lú búrẹ́dì, ó ní ká jókòó.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ṣe wá bẹ́ẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ti gbọ́ pé Nàìjíríà ni wá, tí wọ́n di àpò wọn mú. Ní ilé oúnjẹ kan létí òkun, ọkùnrin káfíńtà kan gbọ́ ohùn wa, ó gbé àga rẹ̀ wá síwájú wa. Yorùbá Èkó ló fi sọ̀rọ̀, ó já gaara.

"Mo gbé Èkó," ló wí. "Mo kan àga fún ilé yín, mo kan ilẹ̀kùn. Ìjọba yín wá ní kí àlejò máa lọ. Àpò kan ni mo gbé jáde. Irinṣẹ́ mi kù sẹ́yìn."

Gbóyèga ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi," ni káfíńtà náà wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà kan gbọ́ ọ kó tó padà sílé." Ó dìde, ó kí wa pé ká jẹun dáadáa, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti jẹ́ ẹ fún yín.

Ọ̀nà dí

Kútọnu la dé nígbà tí a ń padà bọ̀, tí ọkàn wa balẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Gbóyèga ti ra bàtà funfun fún Fúnmi ní Lómè, ó ń tú u wò nígbà gbogbo bí ọmọdé. À ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́: ìjọba ológun ti pa gbogbo ẹnubodè Nàìjíríà dé. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ owó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde.

A sáré lọ síbi ọ̀nà Ìdírókò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jókòó lórí ẹrù wọn níbẹ̀, àwọn mìíràn ń sunkún. Wọ́n ní kò sí àyè. Dírẹ́bà kan wá sọ fún wa pé ká gbìyànjú òkè lọ́hùn-ún, ní ìhà Kétu, pé oko àwọn ará ibẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Ibẹ̀ la forí lé.

Ẹ má bi mí bí ojú ọ̀nà náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé Kétu ní ìrọ̀lẹ́ tí mo rí ẹnubodè àtijọ́ wọn, ilé alámọ̀ tó bo ọ̀nà tí ilẹ̀kùn igi ńlá wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìyókù yàrà tí àwọn baba wọn gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun, mo gbàgbé ìṣòro wa fún ìṣẹ́jú kan. Èmi tí mo rò pé mo ti jìnnà sílé, àwọn tó ń kọjá ń kí ara wọn kú alẹ́, kú iṣẹ́, kú oko. Ohùn wọn fà díẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú rẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ìyá bàbá mi ti kú.

Ràṣídì wọ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n kírun tán, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Súlé mú wa lọ sílé ìyá rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹní ló ń hun. Ó tín-ínrín, ó ga, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó bi wá pé ọmọ ibo ni wá.

"Ẹdẹ, ìyá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹní. "Ẹdẹ ti Tìmì? Orúkọ yẹn wà lẹ́nu ìyá mi. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà níbẹ̀."

Ó bu ẹ̀wà àti gaàrí fún wa, ó gbà kí a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Gbóyèga ní òun á gba inú igbó.

Ràṣídì ní, "Ṣọ́jà wà nínú igbó. Ìbọn ni wọ́n gbé dání, kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé. Ṣé òkú rẹ la fẹ́ gbé lọ fún Fúnmi?"

"Ṣé kí n jókòó síbí kó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ó sàn kó dúró de ààyè."

Gbóyèga gbá a láyà. Láti kékeré tí a ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó fọwọ́ kan ènìyàn. Mo bọ́ sáàárín wọn. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó wò wá, ó ní, "Ta ni ìyàwó ń dúró dè nínú yín?" Gbóyèga ní òun ni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá náà wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ òkè àtijọ́ kan, ó ti wé gèlè, ó sì mú ẹrù kékeré kan lọ́wọ́. "Ẹ gbé ẹrù yín," ló wí. "Ẹ̀yin kì í ṣe olè. Ojú ọ̀nà la máa gbà."

Okùn kan

Okùn kan ni wọ́n fà kọjá lójú ọ̀nà, pẹ̀lú àgbá méjì. Odindi orílẹ̀-èdè ló wà lẹ́yìn okùn yẹn.

Bí àwọn ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ ṣe rí wa ni wọ́n kígbe pé ká kúnlẹ̀, ká na ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Olùkọ́ fò, oníṣòwò fò, èmi náà fò. Ṣòkòtò Gbóyèga ya láti ìdí dé orúnkún. Ìgbà yẹn ni ọ̀kan nínú wọn rí kámẹ́rà ní ọrùn mi, tó sì ṣe fíìmù mi bí mo ti sọ fún yín. Wọ́n tú ẹrù wa, wọ́n sì kó gbogbo ohun tí a rà, títí kan bàtà funfun.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò kúnlẹ̀. Ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá okùn, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Sájẹ́ǹtì wọn jáde láti abẹ́ igi. Ará Òkè Ọya ni. Ràṣídì kí i ní Haúsá, ó kí i gùn, ó kí i dé ilé bàbá rẹ̀, sájẹ́ǹtì sì ní kí a dáwọ́ ìfò dúró. Ràṣídì wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ìyá.

Sájẹ́ǹtì ní, "Gbogbo ẹni tó dé ibí ló ń sọ pé ìgbéyàwó ń dúró de òun. Tí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó, òkú ni. Màmá, kí lo jẹ́ sí i?"

"Ọmọ mi ni."

"Ó ní Ẹdẹ ni wọ́n bí òun sí. Kétu nìwọ ti wá."

"Ó sùn nílé mi, ó jẹun mi, ó sunkún lójú mi. Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ kí n pè é?"

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé okùn náà. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ọmọ rẹ, ìwọ fúnra rẹ mú un lọ fún ìyàwó rẹ̀. Tí kì í bá ṣe ọmọ rẹ, kí gbogbo yín padà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Màmá. Bó o bá ti kọjá okùn yìí, mi ò lè jẹ́ kó o padà. Àṣẹ ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀la. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀."

Ràṣídì túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ yíjú sẹ́yìn, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. Mo mọ ohun tó ń wò. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹní tó hun dé ìdajì ṣì wà nílẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọjọ́ kò sì ń dúró de àgbàlagbà.

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé. Ẹ ti ṣe tó. Á yé Fúnmi. Ẹ padà."

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Aṣọ rẹ ti ya tán, o tún fẹ́ kó dọ̀tí."

Ó pe àgbẹ̀ kan tó dúró ní ìhà tiwọn, ó ní kó sọ fún Súlé pé òun lọ sí Ẹdẹ, kí wọ́n ká ẹní náà wọlé kí òjò má pa á. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un dáadáa. Ó mú Gbóyèga lọ́wọ́ bí ẹni mú ọmọ lọ sílé ìwé, ó tẹ orí ba, ó gba abẹ́ okùn náà kọjá.

Èmi ti rí ilé lórí omi, mo ti rí òkun. Mi ò rí ohun tó tó èyí.

Sájẹ́ǹtì fi Haúsá pàṣẹ nǹkan kan, ṣọ́jà tó fa fíìmù mi yọ sì sáré wá gba ẹrù kékeré tó wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ó rù ú títí dé ibi tí a ti wọ mọ́tò lọ sí Ìmẹ̀kọ.

Ẹdẹ

Ọjọ́ Jímọ̀ la wọ ìlú, eruku ti bò wá mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wa sáré lọ pe Fúnmi. Ó ti múra láti bá wa jà, mo rí i lójú rẹ̀. Gbóyèga sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí. Fúnmi wo ìyá tó dúró lẹ́yìn wa nínú aṣọ òkè tó ti pọ́n, ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìgbéyàwó náà rántí ìyá tó jókòó níwájú, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde àti ìgbà tí wọ́n ń jókòó, tí Ràṣídì tí òun náà kò mọ̀ ọ́n ń fi ìgúnpá sọ fún un. Ẹ ń bi ara yín pé ta ni. Òun náà nìyẹn. Ìyá tó ń hun ẹní lẹ́nu ọ̀nà Gbóyèga, tí àwọn ọmọ yín máa ń sín jẹ nítorí bó ṣe ń fa ohùn, òun náà ni. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí i.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ẹnubodè ṣì wà ní títì. A ti rán ènìyàn sí Súlé nípasẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń ké sí ara wọn láti ìhà méjèèjì okùn, ó sì ti ránṣẹ́ padà pé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo ni mo máa ń gbé rédíò mi lọ sílé Gbóyèga kí a jọ gbọ́ ìròyìn, kí n lè túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá. Mo gbé e lọ lánàá. Fúnmi wà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, oyún rẹ̀ ti ga dáadáa, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ sì ń fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Wọ́n ka ìròyìn títí dé òpin.

Mo ní, "Ìyá, wọn ò tíì mẹ́nu bà á o. Ẹ ṣe sùúrù."

Kò gbójú sókè. Ó tún bu òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì pa á.

"Kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," ló wí. "Wọn ì báà ṣí i lálẹ́ yìí, mi ò ní í lọ láì tíì wẹ ọmọ yìí."